Ẹni tó bá ti dé Kúbà rí: ṣé kí n bá bọ́ọ̀sì hòtẹ́ẹ̀lì lọ Havana ni, àbí kí n wá amọ̀nà ní Matanzas?

Ìyá Tèmi (Leeds)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ọkọ mi ń lọ sinmi ní Varadero, ní Kúbà, fún ọjọ́ mẹ́wàá nínú oṣù kejì. Ọmọ ń lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù. Oòrùn ni mo fẹ́, omi òkun ni mo fẹ́, n ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí. Àmọ́ ara mi ò gbà á kí n dé Kúbà kí n má fojú kan nǹkan kan nínú ohun tí àwọn èèyàn wa gbé débẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni ọkọ mi yọ̀ǹda fún mi nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó ní òun ò wá síbẹ̀ wá kàwé.

Ohun méjì ló wà níwájú mi. Bọ́ọ̀sì kan wà tí hòtẹ́ẹ̀lì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀: ká gbéra ní kùtù lọ Havana, ká rí àdúgbò àtijọ́, ká wọ ọkọ̀ ayé ọjọ́un, ká wo bí wọ́n ṣe ń ká sìgá, ká jẹun ọ̀sán, ká wo "ijó ìbílẹ̀ Áfíríkà", ká padà lálẹ́. Yúrò 85 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èkejì, obìnrin kan níbi iṣẹ́ mi ní òun mọ amọ̀nà kan ní Matanzas tó máa ń fẹsẹ̀ mú èèyàn kiri láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. N ò gbọ́ orúkọ Matanzas rí láyé mi. Èwo ni kí n mú? Ẹ má sọ pé kí n ṣe méjèèjì o, mo ti sọ ti ọkọ mi fún yín.

Àlàmú Òkè-Àdó

Matanzas ni o.

Mo wọ bọ́ọ̀sì Havana yẹn ní 2019. Láti Varadero dé Havana tó kìlómítà 140, ó lé ní wákàtí méjì ní àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ní àbọ̀. Wọ́n á dúró lójú ọ̀nà níbi afárá Bacunayagua, tó fi mítà 110 ga ju ìsàlẹ̀ àfonífojì lọ. Gbogbo èrò á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á mu ọtí tí wọ́n fi ọ̀pẹ òyìnbó àti àgbọn pò, wọ́n á ya fọ́tò. Ó dára, n ò bú u. Ṣùgbọ́n ká tó dé Havana, oòrùn ti mú ganrínganrín. Wákàtí kan ààbọ̀ bá oúnjẹ lọ. Bíi wákàtí kan bá ṣọ́ọ̀bù sìgá lọ, ó sì hàn kedere pé amọ̀nà wa ní ìpín tirẹ̀ nínú ohun tí a bá rà. "Ijó ìbílẹ̀" wá jẹ́ ọmọbìnrin mẹ́ta àti ọkùnrin kan: ọ̀kan wọ aṣọ yẹ́lò, ọ̀kan wọ búlúù, ọ̀kan wọ funfun, ọkùnrin wọ pupa, ó gbé igi olójú méjì bí oṣé dání. Ìṣẹ́jú méjìlá. Mo wo aago. Amọ̀nà ní, "Òrìṣà ìfẹ́ rèé, ti òkun rèé, ti àlàáfíà rèé, ti àrá rèé," ọ̀rọ̀ bùṣe. Èmi ọmọ Ìbàdàn jókòó síbẹ̀, mo ń wo Ọ̀ṣun, Yemọja, Ọbàtálá àti Ṣàngó, ará Jámánì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ń bi mí bóyá ijó náà yé mi.

Èyí tó dùn mí jù ni pé bọ́ọ̀sì yẹn gba Matanzas kọjá nígbà tí a ń lọ, ó tún gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí a ń bọ̀. "Ìlú afárá rèé" ni gbogbo ohun tí amọ̀nà sọ.

Bàbá Ìbejì (Houston)

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, Ìyá Tèmi, páspọ́ọ̀tù wo lẹ fẹ́ lò? Bó bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ tẹ Kúbà láti ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2021 wá, kò lè fi ESTA, ìwé àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lò dípò físà, wọ Amẹ́ríkà mọ́. Físà gidi ni yóò lọ gbà, yóò sì dúró níwájú òṣìṣẹ́ ẹ́ńbásì. Ìyẹn ò ní kí wọ́n má fún un o, àmọ́ kéèyàn tó rí ọjọ́ gbà lè pẹ́ gan-an. Àbúrò ìyàwó mi ò mọ̀. Ìgbà tó ń múra àtiwá jẹ ìnáwó ìsọmọlórúkọ níbí ló tó mọ̀. A sọ àwọn ìbejì lórúkọ, orí fóònù ló ti ṣe àmín.

Àwa onípáspọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ni tiwa tún le jù. Ìjọba wa ò gbà ká lọ ṣe fàájì lásán ní Kúbà. Ó gbọ́dọ̀ bọ́ sábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìdí tí wọ́n là sílẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń lò ni ti ṣíṣe ìrànwọ́ fún àwọn ará ìlú: ilé aládàáni lo máa sùn, ilé oúnjẹ aládàáni lo ti máa jẹun, wàá sì tọ́jú rìsíìtì rẹ. Káàdì báǹkì Amẹ́ríkà ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá. Owó lọ́wọ́ ni.

Ìyá Tèmi (Leeds)

Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Atlanta o! Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún ọkọ mi, ó ní a ti sanwó ọkọ̀ òfuurufú, Atlanta á dúró dè wá. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ó kúkú sàn kí n mọ̀ nísinsìnyí.

Ẹ dákun, kí ló wà ní Matanzas gan-an?

Ọmọ Ọbòkun

Ẹ jókòó dáadáa, èmi lẹ ń wá.

Ìlú etíkun ni, kò tó wákàtí kan sí Varadero. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1693, odò Yumurí àti San Juan ló gba inú rẹ̀ kọjá, ìyẹn ni afárá fi pọ̀ níbẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, agbègbè yẹn ni ìrèké ti pọ̀ jù, ibi tí ìrèké bá sì pọ̀ sí ni wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa lọ. Ìjọba Sípéènì, tó ń ṣàkóso Kúbà nígbà náà, gbà kí àwọn ọmọ Áfíríkà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kálukú pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan náà, kí wọ́n máa sìnkú ara wọn, kí wọ́n máa jó lọ́jọ́ ọdún. Cabildo ni wọ́n ń pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá gbọ́ orúkọ ọ̀kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Matanzas ní 1845, tó ṣì wà títí dòní: Iyesá Moddú.

Iyesá! Ìjẹ̀ṣà ni o. Ọjọ́ 24 oṣù kẹfà, ọjọ́ Jòhánù Onítẹ̀bọmi, ni wọ́n ń ṣọdún, ṣùgbọ́n Ògún ló wà lábẹ́ aṣọ Jòhánù. Ìlù wọn yàtọ̀ sí bàtá, ọ̀pá ni wọ́n fi ń lu èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Mo ti gbọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èmi fúnra mi ò tíì débẹ̀. Ìyá Tèmi, tí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ bá mi gba orin Iyesá kan sórí fóònù. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Iléṣà ló wà. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ kó sọ tẹnu rẹ̀.

Délé_Peckham

Ẹ má bínú sí mi o. Owó tí ẹ fẹ́ fi lọ wo Ọ̀ṣun ní Kúbà, ẹ fi wọkọ̀ lọ Òṣogbo nínú oṣù kẹjọ. Arugbá gidi, odò gidi, ẹ ò ní sanwó amọ̀nà, èdè yín ni wọ́n á sì fi dá yín lóhùn. Kí lẹ fẹ́ rí lọ́wọ́ ará Kúbà tí ò sí nílé? Ẹni tó fi ọdún mẹ́fà ṣiṣẹ́ alẹ́, kó sùn.

Olùkọ́ Ìtàn (Ìbàdàn)

Délé, ìbéèrè gidi lo bi, jẹ́ kí n dáhùn. Ohun tí kò sí nílé wà níbẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ ń tú, tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ wa ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n tà sí Kúbà, torí ìgbà yẹn gan-an ni oko ìrèké ń gbilẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò pe ara wọn ní Yorùbá. Nílé pàápàá, orúkọ yẹn ò tíì kárí. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n, ọ̀pọ̀ sì gbà pé "olùkù mi", ìyẹn ọ̀rẹ́ mi, ló di Lukumí. Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú, gbogbo wọn wà lábẹ́ orúkọ kan yẹn. Ẹni tí ì bá máa bára wọn jagun nílé wá di ọ̀rẹ́ lóko ìrèké.

Lọ́jọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 1843, ní oko kan ní agbègbè Matanzas tí wọ́n ń pè ní Triunvirato, àwọn ẹrú dìde. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn ni obìnrin Lukumí kan tó ń jẹ́ Carlota. Àdá ló fi jà. Wọ́n ń sọ ọ́ níbẹ̀ pé ìlù ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ láti oko dé oko, tí àwọn ọ̀gá ń gbọ́, tí wọ́n rò pé ijó ni. Wọ́n pa Carlota. Nígbà tó di 1844, ìjọba fojú àwọn ènìyàn dúdú rí màbo, ẹrú àti ẹni tí kì í ṣẹrú. Ara àkàbà ni wọ́n ń de wọ́n mọ́ kí wọ́n tó máa nà wọ́n, èyí ló jẹ́ kí wọ́n máa pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní La Escalera, ìyẹn àkàbà. 1886 ni oko ẹrú tó kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá ní Kúbà. Ẹ wá wo èyí: nígbà tí Kúbà kó ọmọ ogun lọ Àǹgólà ní 1975, orúkọ Carlota ni wọ́n fi pe ogun náà.

Mo kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìtàn fún ọdún mọ́kànlélógún. N ò dárúkọ Carlota lẹ́ẹ̀kan. N ò mọ̀ ọ́n.

Ìyá Tèmi, ilé ìrántí wà ní Triunvirato fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa nílò ọkọ̀. Nínú ìlú Matanzas, odi San Severino tó wà létí omi ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún ọ̀nà tí wọ́n gbà kó ẹrú, láti 2009. Ẹ ní kí amọ̀nà fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Délé_Peckham

Mo gbọ́, sà. Mo ṣì ní kí wọ́n sùn.

Ìránṣẹ́bìnrin Olúwa

Mo kàn fẹ́ béèrè ni o, kì í ṣe pé mo fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Tí amọ̀nà bá mú Kristẹni wọ ilé olórìṣà, ṣé wọn ò ní ní kó foríbalẹ̀, àbí kó jẹ nǹkan? Èmi ò lè fi owó mi ra ìyẹn níbi ìsinmi.

Alábòójútó

Ìbéèrè yìí bá kókó wa mu, ó lè dúró. Ẹni tó bá fẹ́ jà lórí ẹ̀sìn, ìjíròrò mìíràn wà fún un.

Awo Kékeré (Mushin)

Mo gbé oṣù mẹ́ta ní Havana, ẹ jẹ́ kí n dáhùn. Ìránṣẹ́bìnrin, rárá. Ẹni tí kò bá ṣe ẹ̀sìn yẹn, orúkọ kan ni wọ́n ń pè é: aleyo. Àlejò náà ni. Àlejò á jókòó, á wò, ẹnikẹ́ni ò ní fi dandan mú un. Wọn kì í tilẹ̀ jẹ́ kí aleyo rí ohun tó ṣe kókó. Ilẹ̀kùn wà tí wọ́n á tì mọ́ ọn lójú.

Kí Ìyá Tèmi mọ nǹkan wọ̀nyí. Tí ẹ bá rí ẹni tó wọ funfun láti orí dé bàtà, tí kò fẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò, ìyàwó ni, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òrìṣà. Bíi ọdún kan ni yóò fi wà bẹ́ẹ̀. Ìyàwó lè jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n o, ẹ má bú sẹ́rìn-ín. Nílé wa náà ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn adóṣù Ṣàngó. Èkejì, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá já lu yín lójú títì pé òun rí nǹkan kan lẹ́yìn yín, kí ẹ wá ṣe ẹbọ. Arìnrìnàjò ni wọ́n ń dẹ. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n fi ń jẹun jù, torí tí wọ́n bá ti gbọ́ Nàìjíríà, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ yín ló ń pè wọ́n. Wọ́n gba Yúrò 60 lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, èmi tí mo dá Ifá ní Mushin! Mo sọ ọ́ kí ẹ rẹ́rìn-ín.

Bó bá jẹ́ Havana lẹ padà lọ, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ń rékọjá sí Regla, kọ́bọ̀ ni owó rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀ létí omi, Màríà tó wà nínú rẹ̀ dúdú, ọmọ tó gbé dání funfun. Yemọja ni àwọn olórìṣà ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ni ọdún rẹ̀, ọjọ́ kejì ni ti Ọ̀ṣun, ẹni tí wọ́n fi Màríà ti ìlú El Cobre bò. Ẹgbẹ́ Yorùbá ti Kúbà náà ní ilé ní òpópónà Prado, ère òrìṣà tó tó èèyàn wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń sọ nípa ìgbà tí Ọọ̀ni Ṣíjúwadé wá ní 1987.

Àlàmú Òkè-Àdó

Yúrò 60! Awo!

Awo Kékeré (Mushin)

Mo ti ní kí ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tán.

Ìyá Tèmi (Leeds)

Mo ti dé o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, iṣẹ́ ò jẹ́ kí n kọ̀wé. Matanzas la lọ. Mo máa sọ ọ́ bó ṣe rí, títí kan ibi tó burú.

Tákísí gbé wa láti Varadero ní aago mẹ́jọ. Ọkọ̀ náà dàgbà ju bàbá mi lọ, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mi ò ṣí láti inú. Nígbà tí a dé Matanzas, iná ti lọ, kò sì dé títí a fi kúrò. Ẹni tó bá ti ka ìròyìn iná wọn tó kú ní gbogbo ilẹ̀ náà nínú oṣù kẹwàá 2024 á mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan tuntun. Ara wa gbà á, ọmọ Nàìjíríà ni wá, ṣùgbọ́n iná tó bá lọ, omi náà ń lọ nìyẹn. Ẹ gbé omi mímu dání, ẹ gbé tíṣù dání. N ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Amọ̀nà wa jẹ́ obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀. Ó ní owó oṣù ò tó jẹun lòun ṣe fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó fi San Severino bẹ̀rẹ̀, bí Olùkọ́ Ìtàn ṣe wí. Ògiri ibẹ̀ nípọn, inú ẹ̀ tutù bí inú kànga, téèyàn bá yọjú síta, òkun aláwọ̀ ewé ló máa rí, ó dára débi tó fi ń dunni. Yàrá kan wà tí wọ́n kó ère àwọn òrìṣà sí. Mo ka orúkọ wọn lára pátákó: Changó, Ochún, Oyá, Babalú Ayé. Láìsí àmì ohùn tiwa kankan, bí ẹni tó bọ́ ẹ̀wù lára wọn. Ọkọ mi, ẹni tí ò wá kàwé, ló dúró ka pátákó kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo ń fà á lọ́wọ́ níkẹyìn.

A wo ilé eré Sauto láti ìta. A wọ ilé oògùn kan tó ti wà láti 1882, tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, tí ìgò oògùn ṣì tò sórí pẹpẹ. Èmi ni mo fẹ́ ẹ. Ọkọ mi ní ṣebí mo ní n ò fẹ́ rí iṣẹ́ lójú.

Lẹ́yìn náà, ilé ìyá kan. Ìyálóòṣà ni, ó ti lé ní ọgọ́rin, amọ̀nà wa mọ̀ ọ́n láti kékeré. N ò ní dárúkọ àdúgbò. Mo ti múra sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Láti Leeds ni mo ti ń rò ó pé tí mo bá wọlé tí mo la ẹnu sọ Yorùbá, wọ́n á bú sẹ́kún, wọ́n á ní kí n jókòó sórí àga, kí n kọ́ wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàsán, mà." Ìyá fà mí dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí amọ̀nà, ó ní: "Aleyo."

Awo Kékeré, ọpẹ́ ni fún yín. Tí ẹ ò bá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, n ò ní mọ̀ pé èmi ni.

Ó ta omi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúre. "Omi tuto, ona tuto." Omi tútù, ọ̀nà tútù! Ìyẹn yé mi, ara mi sì bù máṣọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tó ti kú, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan ó ní "ibaé". Ìbà ni. Mo kà á dé orúkọ mẹ́tàlélógún kí n tó ṣì í kà. Amọ̀nà ní ìran mẹ́fà ni, ẹni tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n kó dé láti Áfíríkà. Èmi tí mo wá kọ́ wọn, tí ẹ bá bi mí lórúkọ ìyá tó bí ìyá ìyá mi, n ò mọ̀ ọ́n.

Orin tó kọ lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo gbọ́ nínú rẹ̀, "omi" àti "ọmọ". Ó dánu dúró, ó bi mí nípasẹ̀ amọ̀nà kí ni ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ sí, ó ní òun ti ń kọ ọ́ láti ọmọdé. Mo fẹ́ parọ́. Ẹ ò mọ bó ṣe ṣe mí tó. Mo ní n ò mọ̀. Ó mi orí bí ẹni pé ohun tó retí nìyẹn, ó bá orin lọ.

Oúnjẹ: wọ́n ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún, fufú lorúkọ ẹ̀ níbẹ̀, ó dùn. Amọ̀nà wá sọ pé ohun tí wọ́n ń sè fún Ṣàngó ni amalá, ìyẹ̀fun àgbàdo pẹ̀lú ilá. Ọkọ mi ní àgbàdo kì í ṣe àmàlà. Wọ́n bá a jiyàn fún ogún ìṣẹ́jú, pẹ̀lú ọwọ́ àti ojú, torí kò gbọ́ èdè Sípéènì. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán nílé wa.

Owó: Yúrò 50 la fún amọ̀nà fún àwa méjèèjì, mo tún fi parasítámọ́ọ̀lù, ọṣẹ àti bándéèjì tí mo gbé láti ilé sílẹ̀ fún ìyá. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gba parasítámọ́ọ̀lù náà. Tákísí tó yẹ kó gbé wa padà pẹ́ ní wákàtí kan àti díẹ̀, kò sí epo. Ẹsẹ̀ ọkọ mi wú.

Délé_Peckham

Ẹ sùn àbí ẹ ò sùn?

Ìyá Tèmi (Leeds)

Ọjọ́ mẹ́sàn-án tó kù la fi sùn, Délé.

Ìránṣẹ́bìnrin Olúwa

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́. Ìbéèrè kan: ṣé ère Màríà wà nínú ilé ìyá yẹn?

Ìyá Tèmi (Leeds)

Ó wà o. Ti Regla, aṣọ búlúù, òdòdó sì wà níwájú rẹ̀. Lábẹ́ tábìlì rẹ̀ ni àwo ńlá kan wà tí wọ́n fi aṣọ bò. N ò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo wò ó pẹ́ jù, ìyá rọra fẹ̀gbẹ́ dí mi lójú.

Olùkọ́ Ìtàn (Ìbàdàn)

Ìran mẹ́fà lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n kọ orúkọ wọ̀nyẹn sílẹ̀ níbì kan?

Ìyá Tèmi (Leeds)

Mo béèrè, sà. Ìyá ní ìwé kan wà, ọmọ òun obìnrin ló ń tọ́jú rẹ̀. Wọn ò mú un jáde fún wa.

Ọmọ Ọbòkun, n ò gbàgbé yín. Ilé Iyesá wà ní títì lọ́jọ́ náà, a wò ó láti ìta ni. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, bí a ṣe ń dúró de tákísí, àwọn àgbàlagbà kan ń lu rúńbà nínú àgbàlá kan. Matanzas náà ni ilé rúńbà, àjọ UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé ní 2016. Amọ̀nà bẹ ọ̀kan nínú wọn pé kó kọ Iyesá kan fún ìyá kan ní Iléṣà. Ó gbà pé kí n gbà á sílẹ̀. Mo ti fi ránṣẹ́ sínú àpótí yín, kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Ọmọ Ọbòkun

Mo rí i. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Iléṣà lórí WhatsApp, ó gbé e síwájú ìyá wa lánàá lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ó sì ká ohùn ìyá sílẹ̀ fún mi.

Ìgbà àkọ́kọ́, ìyá ò sọ nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n tún un tẹ̀. Ó ní kí wọ́n pa fáànù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń fi ìka lu apá àga. Ó wá ní, "Ta ló ń lé wọn, tí wọ́n fi ń sáré báyìí?"

Ó ní kí n béèrè bóyá apá kejì wà.